Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Níbi Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí: bí ẹni tí a fi ṣe olórí ṣe lè sọ̀rọ̀ tí yóò yé àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, tí wọn kò sì ní gbé ìbànújẹ́ padà sílé. Ẹ̀sùn ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà kan, iṣẹ́ ìtumọ̀ bọ́ sí ọwọ́ àwa mẹ́rin. Àwọn ìwé kéékèèké lórí ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ ni, a ó sì tú wọn sí èdè Yorùbá. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí. Èmi ni mo ń gba iṣẹ́, èmi ni mo ń pín in, èmi náà ni mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó kéré jù nínú wa kò tíì dé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa ti ń pè mí lórí fóònù. Inú bí mi. Lójú àwọn méjì yòókù ni mo ti sọ fún un pé, "Ìgbà gbogbo ni o máa ń pẹ́. O kò ka iṣẹ́ yìí sí rárá." Kò bá mi jiyàn. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ni gbogbo ohun tó sọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó kọ̀wé sí mi pé òun kò ṣe iṣẹ́ náà mọ́.

Mo gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan lọ, ẹni tó ti ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kí n má parọ́, mo lọ kí ó lè bá mi bú ọmọ náà ni. Ó gbọ́ tẹnu mi tán, ó wá bi mí pé:

"Àbúrò, o ní ìgbà gbogbo ló máa ń pẹ́. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti pẹ́?"

Mo rò ó. Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì ni, mà.

"Nínú iṣẹ́ mélòó?"

"Mọ́kànlá, mà."

"O tún ní kò ka iṣẹ́ sí. Kí ni o rí tí o fi mọ̀?"

Mo ní pípẹ́ tó pẹ́ náà ni mo rí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ńkọ́? Ǹjẹ́ o bi í?"

N kò bi í. Nígbà tí mo délé, mo ṣí àwọn lẹ́tà tí mo ti fi ránṣẹ́ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà méjèèjì tí ó pẹ́, èmi gan-an ni mo ti kọ́kọ́ pẹ́ kí n tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo fi í ránṣẹ́, ohun tí mo sì kọ sí i kò ju pé, "Jọ̀ọ́, tètè ṣe é." N kò dá ọjọ́, n kò dá wákàtí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé àwọn ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n bi mí ní orúkọ nínú ìmọ̀ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń sọ púpọ̀ lóde òní. Neuro-Linguistic Programming ni orúkọ rẹ̀, NLP ni wọ́n sì ń gé e kúrú sí. Orúkọ náà gùn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ọpọlọ tí a fi ń ro nǹkan, èdè tí a fi ń sọ ọ́, àti ìwà tó ti mọ́ wa lára bí ètò tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí gbà pé okùn kan ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, àti pé bí a bá tún ọ̀kan ṣe, yóò hàn lára ìyókù.

Yunifásítì California tó wà ní Santa Cruz, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979. Richard Bandler jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nígbà náà, John Grinder sì jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Àwọn méjèèjì ń wo àwọn gbajúmọ̀ tí ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu tọ́jú ọkàn ènìyàn, bíi Fritz Perls, Virginia Satir àti Milton Erickson, wọ́n sì ń wádìí pé: kí ni àwọn wọ̀nyí ń sọ, báwo ni wọ́n sì ṣe ń sọ ọ́, tí ọ̀rọ̀ wọn fi ń wọni lára? Ní ọdún 1975, wọ́n gbé ìwé kan jáde lórí rẹ̀, The Structure of Magic.

Ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ èdè ní yunifásítì bíi tèmi yóò tètè rí ibi tí Grinder ti mú ohun kan wá. Àwọn onímọ̀ gírámà tó tẹ̀ lé Noam Chomsky máa ń sọ pé gbólóhùn tó jáde lẹ́nu yàtọ̀ sí èyí tó fara sin lábẹ́ rẹ̀. NLP mú èyí lọ sínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ó ní bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti inú bọ́ sí ẹnu, nǹkan mẹ́ta ló máa ń ṣe é.

Èkíní, a máa ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Iṣẹ́ yìí kò dára." Apá wo ni kò dára? Kí ni ó fẹ́ rí níbẹ̀ tí kò rí? Èkejì, a máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni "ìgbà gbogbo", "kò sí ẹnikẹ́ni" àti "rárá" ti máa ń wọlé. Ìbéèrè tó yẹ wọ́n ni pé: ẹ̀ẹ̀melòó? Ǹjẹ́ a rí ọjọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kẹta, a máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ po. A ó rí ìṣe ènìyàn, a ó sì sọ pé inú rẹ̀ ni a rí. "Kò ka iṣẹ́ sí." "Ọ̀gá kò fẹ́ràn mi." Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: báwo ni o ṣe mọ̀?

Ẹ wo gbólóhùn méjì tí mo fi lé ọmọlọ́mọ lọ. Ọ̀kan sọ ìgbà méjì di ìgbà gbogbo, èkejì wọ inú ẹni tí n kò bi léèrè. Ọ̀rọ̀ tó fa gbogbo rẹ̀, "tètè ṣe é", ni a sì ti yọ ọjọ́ àti wákàtí kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ ó rántí pé àwọn àgbà wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Mo fẹ́ràn òwe yìí púpọ̀, n kò sì ní bá àwọn àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí òwe náà ti ń ṣiṣẹ́. Nínú agbo ilé ni, láàárín àwọn tó jọ ń jẹ, tó jọ ń mu, tí bàbá bá wúkọ́ lásán tí ọmọ ti mọ ohun tó fẹ́. Ọ́fíìsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú ti wá. Bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ bá dé inú ẹni mẹ́rin níbẹ̀, yóò di odindi lóòótọ́, ṣùgbọ́n odindi mẹ́rin tí wọn kò jọra ni yóò dà. "Tètè" tèmi jẹ́ aago mẹ́jọ òwúrọ̀. "Tètè" tirẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà má ṣú.

Kí n tó lọ bẹ̀ ẹ́, mo lo ohun kejì tí NLP ń kọ́ni, ìyẹn ìjókòó mẹ́ta. Ènìyàn yóò kọ́kọ́ jókòó sí àyè ara rẹ̀, yóò sọ ohun tó dun òun. Lẹ́yìn náà, yóò bọ́ sí àga kejì bí ẹni pé òun ni ẹni tí wọ́n ń bá jà, yóò sì fi ẹnu onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Ní ìkẹyìn, yóò dìde sí àga kẹta, yóò wo àwọn méjèèjì bí àlejò tó ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Mo ṣe é nínú yàrá mi. Ní àga kejì ni ojú ti tì mí, nítorí mo gbọ́ ohùn ara mi bí ó ti ń dún létí ẹlòmíràn, lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun kẹta ni pé kí a bá ènìyàn rìn níbi tó wà, kí a tó máa darí rẹ̀ lọ síbi tí a fẹ́. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ni à ń kí i. Ẹni tí òjò pa, ẹ kú òjò. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá, ẹ kú ìrọ́jú. Ipò tí a bá ènìyàn ni à ń kọ́kọ́ kí, kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá. Nítorí náà, nígbà tí mo rí àbúrò náà, n kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tó kù nílẹ̀. Mo ní, "Mo mọ̀ pé mo dójú tì ọ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ kì í ṣe òótọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní iná kò sí. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n tó mú un dé, ìgbà náà ni òun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó bi mí ní wákàtí tí mo fẹ́ ẹ. Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ta ni èmi tí n ó máa bi yín ní ìbéèrè?"

Gbólóhùn yẹn kọ́ mi ju ìwé lọ. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó kéré kì í sábà dá ọ̀rọ̀ àgbà padà pé kò kún. "Ẹ ṣé, mà" ni yóò wí, yóò sì máa lọ fi òye ara rẹ̀ dí ihò tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ọrùn ẹni tó wà lókè ni ẹrù náà wà. Òun ni kí ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní odindi: kí ni a ó ṣe, ta ni yóò ṣe é, ọjọ́ wo, aago mélòó. Òun náà ni kí ó sì béèrè pé, "Kí ni kò yé ọ níbẹ̀?" Bí ó bá béèrè pé, "Ṣé ó yé ọ?", bẹ́ẹ̀ ni ni wọn yóò máa dá a lóhùn títí láé.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún yín o. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ NLP ni ẹ gbọ́dọ̀ rà. Ní ọdún 1988, ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ National Research Council ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹ ìmọ̀ yìí wò, kò sì rí ẹ̀rí tó tó láti gbè é lẹ́yìn. Àwọn kan ń kọ́ni pé ibi tí ojú ènìyàn bá yí sí ni a ó fi mọ̀ pé ó ń parọ́. Richard Wiseman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2012, wọn kò sì rí i pé ó rí bẹ́ẹ̀. Láàárín wa, ewu rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí ọmọ tí a kọ́ dáadáa a máa wolẹ̀ bí àgbà bá ń bá a wí. Bí ọ̀gá bá ka ìyẹn sí irọ́, ó ti fi ìyà jẹ ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n tún ní kí a máa jókòó bí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ṣe jókòó. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ níwájú ọ̀gá yín tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kí ẹ wá ròyìn fún mi. Ẹni tó bá sì ṣèlérí pé òun yóò kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa darí ọkàn ènìyàn láìjẹ́ pé ó mọ̀, ẹ̀tàn ni ó ń kọ́ yín.

Èyí tí mo mú nínú rẹ̀ kò ju ìbéèrè tòótọ́ àti etí tó gbọ́ ìdáhùn lọ. Mo sì ti rí i pé ó wúlò nínú ilé náà. Ìyàwó tó ní, "O kì í ràn mí lọ́wọ́," àti ọkọ tó ní, "Kò sí ohun tí mo ṣe tó tẹ́ ọ lọ́rùn," ohun kan pàtó ló wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Abọ́ òní tí a kò fọ̀ lè ni.

Àbúrò náà padà, níwájú àwọn méjì tí mo ti bú u ni mo sì ti tọrọ àforíjì. Ó bá wa parí iṣẹ́ náà. Nígbà tí iṣẹ́ mìíràn dé, mo pè é. Ó dúpẹ́, ó ní òun ti rí ibòmíràn. N kò bi í bóyá nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ni. Ó yẹ kí n bi í. Bóyá n ó bi í lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ mú gbólóhùn kan tí ẹ fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn tó wà lábẹ́ yín, kí ẹ wo ohun tí ẹ yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ fi iye sí i, ẹ sì yọ "ìgbà gbogbo" dànù. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí.