Orúkọ Kan Náà, Ìpara Mìíràn

Ó máa ń dun oníbàárà púpọ̀ kí ó fi owó gọbọi ra ohun tí ó mọ̀, kí ó sì délé bá ohun tí kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìpara adínarúgbó tí mo ti ń lò láti ọdún mẹ́rin ṣe fún mi. Orúkọ rẹ̀ kò yí, owó rẹ̀ kò dín, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí pé ó ti dára sí i. Ti àtijọ́ a máa mú ojú jọ̀lọ̀ títí di alẹ́. Ní ti tuntun yìí, kí ọ̀sán tó pọ́n, ojú ti gbẹ.

Ẹ̀yin ìyàwó wa, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe rò pé awọ yín ni ó bàjẹ́. Àwọn tí ń ṣe ìpara a máa yí èròjà rẹ̀ padà, nígbà mìíràn nítorí ọ̀wọ́n, nígbà mìíràn nítorí òfin. Ẹ wo retinol, ọ̀kan nínú ẹ̀yà fítámì A, tí ó wọ́pọ̀ nínú ìpara adínarúgbó. Ní ọdún 2024, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣòfin pé èyí tí ó wà nínú ìpara ojú kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.3 nínú 100 lọ. Ìpara tí ó bá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti yí padà kí wọ́n tó lè máa tà á níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ju páálí àtijọ́ nù. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tuntun, kí ẹ ka èròjà wọn. Èyí tí ó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Bí glycerin tàbí òrí tí ó wà lókè tẹ́lẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ ti mọ ìdí tí ojú fi ń gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó tó kan ojú. Ẹni tí ó lóyún, tàbí tí ó ń retí rẹ̀, kí ó yẹra fún èyí tí retinol wà nínú rẹ̀, àfi bí dókítà bá fọwọ́ sí i.

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bí ìpara náà kò bá bá yín lára mu, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.