Ẹ Yé Fi Òjò Dídì Dẹ́rù Ba Èdè Yorùbá

Ó ti sú mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan túmọ̀ ìkìlọ̀ fún àwọn tí ń gun òkè nílẹ̀ òtútù sí Yorùbá. Olùkọ́ rẹ̀ fi ínkì pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ta ló sọ fún un? Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún lo òjò dídì; wọ́n lo ẹ̀gbọ̀n òwú pẹ̀lú. Àwọn Hausa ń fi ƙanƙara pe yìnyín àti òjò dídì, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni torí ìyẹn pe èdè wọn ní aláìní. Àìsàn tó ń ṣe wá ni pé a ń to ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sápá òsì, a ń wá ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kọ̀ọ̀kan sí i lápá ọ̀tún, èyí tí a kò bá rí, a ní èdè kò tó.

Òkè Washington, ní New Hampshire nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ga tó mítà 1,917. Lọ́pọ̀ ọdún, bí ewé tuntun ti ń rú nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún, òjò dídì ìgbà òtútù ṣì wà nínú àfonífojì Tuckerman. Mo bá ọmọ mi dé ibẹ̀. Láàárọ̀, ó le bí àpáta, bàtà ń yọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn mú, ó rọ̀, ẹsẹ̀ wa ń rì dé orúnkún. Ṣùgbọ́n ewu ibẹ̀ gan-an ni odò tí ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Omi náà ń jẹ ẹ́ nínú díẹ̀díẹ̀. Òkè rẹ̀ tẹ́jú, ó funfun báláú, abẹ́ rẹ̀ ti di ihò. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ọmọ mi, ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, figbe ta:

“Dádì, ẹ dúró! Ẹ máa jìn sí i!”

Jìn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọdẹ wa ń lò fún ẹran tó kó sínú ọ̀fìn tí a fi ewé bò lójú. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni, kò sí nínú àkójọ ọ̀rọ̀-orúkọ ẹnikẹ́ni, òun ni mo sì gbọ́ tí mo fi fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ náà lò. Kí olùkọ́ rẹ̀ dá máàkì rẹ̀ padà fún un.