“Ó” Kò Sọ Akọ, Kò Sọ Abo: Audre Lorde, Yemọja àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ ọmọ ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ó kan ìwé kíkà pẹ̀lú. Ẹni tí yóò ṣàlàyé iṣẹ́ akéwì fún akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ilé tí iṣẹ́ náà ti jáde wá. Ní 1978, ìwé ewì kan jáde ní Amẹ́ríkà tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Black Unicorn. Yemọja, Èṣù àti Ṣàngó wà nínú rẹ̀, wọn kò sì wà níbẹ̀ bí ohun ọ̀ṣọ́ lásán, nítorí pé ẹni tí ó kọ ìwé náà fi àlàyé àwọn orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí òǹkàwé má baà ṣìnà. Audre Lorde ni akéwì náà. Aláwọ̀ dúdú ni, ìyá ọlọ́mọ méjì ni, olùkọ́ ni, obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin sì ni. Kò fi ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pamọ́.

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ láti gbà ṣi irú ìwé bẹ́ẹ̀ lò. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí olùkọ́ fi Yemọja yangàn pé òrìṣà Yorùbá ti dé òkè òkun, kí ó sì dákẹ́ lórí irú obìnrin tí ó kọ ewì náà. Ọ̀nà kejì ni kí ó gbọ́ irú obìnrin tí ó jẹ́, kí ó sì ju ìwé náà nù pẹ̀lú Yemọja inú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ gé ewì sí méjì, ó mú èyí tí ó wù ú. Ẹni kejì kò tilẹ̀ kàwé rárá. Ohun tí àròkọ yìí ń sọ ni pé kò sí èyí tí ó bójú mu nínú méjèèjì fún ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, àti pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan lé olùkọ́ àti olùtumọ̀ lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí, iṣẹ́ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gbé lé ẹnikẹ́ni.

Ta ni Audre Lorde?

Ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1934 ni wọ́n bí Lorde ní ìlú New York. Barbados ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ìyá rẹ̀ wá láti Carriacou, erékùṣù kékeré kan tí ó wà lábẹ́ Grenada. Ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní Hunter College ní 1959, ó sì gba oyè nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Yunifásítì Columbia ní 1961. Ó fẹ́ ọkùnrin ní 1962, ó bí obìnrin kan àti ọkùnrin kan, ìgbéyàwó náà sì tú ká ní 1970. Ní 1968, nígbà tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní Tougaloo College ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ó pàdé Frances Clayton, tí òun náà jẹ́ olùkọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ tọ́ àwọn ọmọ náà nínú ilé kan ṣoṣo ní Staten Island fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ibùsùn nìkan ni ìgbésí ayé irú àwọn obìnrin báyìí yóò rí i pé ilé ni wọ́n kọ́, wọ́n jọ rán ọmọ níwèé, wọ́n sì jọ ru ẹrù àìsàn. Jẹjẹrẹ ọmú bá Lorde jà ní 1978. Ó kọ ìwé The Cancer Journals lórí rẹ̀ ní 1980, ipa tí àwọn obìnrin tí ó dúró tì í kó sì hàn kedere nínú ìwé náà. Wọ́n fi í ṣe akéwì ìpínlẹ̀ New York ní 1991. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1992.

Ní 1974 ni ó rin ìrìn-àjò wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó sì dé Dahomey, orílẹ̀-èdè tí ó gba orúkọ Benin ní ọdún kejì. Kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu pé Abomey àti Yemọja gba àyè ńlá nínú ìwé tí ó jáde ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà. Nínú ọ̀kan lára àwọn ewì ibẹ̀, ọmọbìnrin kan ń sọ ìrora tí ó wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀, ilé Yemọja sì ni akéwì fi ọ̀rọ̀ náà sí. Ohun tí Lorde ń wá lọ́dọ̀ àwọn òrìṣà wọ̀nyí hàn: ó ń wá ìran obìnrin alágbára tí aláwọ̀ dúdú lè tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìyá. Ọkàn kan náà tí ó fi ń wá ìyá náà ni ó fi kọ ewì ìfẹ́ sí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá yọ ọ̀kan kúrò kò lè ṣàlàyé èkejì dáadáa.

Bí “ó” ṣe lè bo òtítọ́ mọ́lẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀ka èdè Yorùbá gan-an. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo nínú arọ́pò-orúkọ ẹnì kẹta ẹyọ. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. “Ó” àti “rẹ̀” ń ṣiṣẹ́ fún ọkùnrin, fún obìnrin, fún ewúrẹ́ àti fún òkúta. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti fi èyí yin èdè náà, ìyìn náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìtumọ̀ ewì ìfẹ́ tí obìnrin kọ sí obìnrin, ẹwà yìí lè di aṣọ ìbora.

Àpẹẹrẹ kan rèé, tí kò ti inú ìwé kankan wá: “Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ọkàn mi sì rọ̀.” Bí obìnrin bá ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni yóò rò pé obìnrin ni ẹni tí ó rẹ́rìn-ín? Gbogbo wọn yóò fi ọkùnrin sí i láìbéèrè. Olùtumọ̀ kò purọ́, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà, síbẹ̀ ohun tí akéwì sọ ní gbangba ti wọlẹ̀. “Olólùfẹ́” kò ran ni lọ́wọ́, nítorí pé kò sọ akọ, kò sọ abo. “Ọ̀rẹ́bìnrin” náà kò tó, nítorí pé obìnrin méjì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ láti kékeré láìsí ohun mìíràn láàárín wọn.

Kí ni kí olùtumọ̀ ṣe? Yorùbá ní ohun èlò tí ó pọ̀. Oríkì àbísọ ń sọ akọ àti abo: ẹni tí ó gbọ́ Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àṣàkẹ́ kò ní rò pé ọkùnrin ni, gẹ́gẹ́ bí kò ti ní rò pé obìnrin ni Àkànní. Gèlè, tìróò àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí náà ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin òkè òkun ni àwọn obìnrin tí Lorde kọ ewì sí. Bí olùtumọ̀ bá we gèlè fún wọn, tí ó sì sọ wọ́n ní Àṣàkẹ́, ó ti gbé wọn kúrò ní ilé wọn. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni ó dára jù: kí ọ̀rọ̀ náà gan-an, “obìnrin,” hàn níbi tí arọ́pò-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ ọ́. Kò di dandan kí ó hàn ní gbogbo ìlà. Bí ó bá ti hàn lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ewì, “ó” lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, òǹkàwé yóò sì mọ ẹni tí ó ń tọ́ka sí. Olùtumọ̀ tí ó mọ èyí, tí ó sì kọ̀ láti ṣe é, kò lè sọ pé èdè Yorùbá ni ó fa àìmọ̀ náà. Òun ni ó yàn án.

Àṣà àtijọ́ kì í ṣe agbẹjọ́rò

Àríyànjiyàn mìíràn wà tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàìmọ̀. Nínú àròkọ kan ní 1978, Lorde tọ́ka sí ìgbéyàwó láàárín obìnrin àti obìnrin ní ilẹ̀ Fọ̀n. Ó ní àwọn mìíràn nínú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ wà fún bíbí àrólé, ìfẹ́ láàárín obìnrin ni àwọn mìíràn sì jẹ́. Onímọ̀ Ìgbò nì, Ifi Amadiume, tako irú ìtumọ̀ báyìí nínú ìwé rẹ̀ Male Daughters, Female Husbands ní 1987. Ohun tí ó rí ní Nnobi ni pé obìnrin olówó a máa san owó ìyàwó lórí obìnrin mìíràn kí ọmọ lè wà nínú ilé rẹ̀, kí iṣẹ́ àti orúkọ má sì parun.

Ìkìlọ̀ Amadiume tọ́. Ó kan Yorùbá pẹ̀lú. Ìyàwó ilé a máa pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ obìnrin, ní “ọkọ mi.” Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ṣàlàyé nínú The Invention of Women ní 1997 pé ipò ẹni tí ó ti wà nínú ẹbí kí ìyàwó tó dé ni “ọkọ” ń tọ́ka sí nínú irú ìlò yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ìkíni náà ṣe ẹ̀rí pé àwọn obìnrin Yorùbá àtijọ́ ń fẹ́ ara wọn ti fi òróró wá omi.

Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni ìkìlọ̀ yìí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí irú rẹ̀ rí. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọmọ àbúrò bàbá ẹni. Àlàyé ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ǹjẹ́ ilé kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní ọmọ àbúrò bàbá? Àìsí orúkọ ẹlẹ́yọ-ọ̀rọ̀-kan kì í ṣe àìsí ènìyàn.

Bí ó ti wù kí ìdáhùn ìtàn rí, kò yẹ kí àtijọ́ jẹ́ agbẹjọ́rò fún ẹnikẹ́ni. Bí Lorde bá tilẹ̀ ṣi ìgbéyàwó ilẹ̀ Fọ̀n túmọ̀, ìgbésí ayé òun àti Clayton kò di irọ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n gbé e, ó kọ ọ́, ìwé náà sì wà.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ní kíláàsì

Ìwé Lorde tí ó jáde ní 1982 ń jẹ́ Zami. Carriacou, ilẹ̀ ìyá rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ó sì ń tọ́ka sí àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ àti olólùfẹ́ ara wọn. Lorde lo orúkọ náà láìfi èébú sí i. Ní Yorùbá, “obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin” sọ ohun tí ó wà láìfi kún un, láìyọ kúrò. Gùn ni ó gùn, ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ kí ó tó dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ń pe ènìyàn ní ẹlẹ́gbin kò yẹ lẹ́nu olùkọ́, ohunkóhun tí ìgbàgbọ́ olùkọ́ náà lè jẹ́.

Àwọn kan yóò ní òfin kò gbà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ti ẹni tí ó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ọdún 10 ni ti ẹni tí ó bá ń darí ẹgbẹ́ wọn tàbí tí ó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ìgbéyàwó, ẹgbẹ́ àti ìṣesí ní gbangba ni òfin náà dojú kọ. Kò pàṣẹ pé kí olùkọ́ pa ìtàn akéwì dà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ìwúwo ìjìyà yìí mú kí olùkọ́ ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ní ìlú tí irú òfin báyìí wà, àwàdà olùkọ́ lórí pátákó lè di ìfẹ̀sùnkàn lágbàlá ilé-ìwé, kí ó sì di ewu fún ọmọ kan tí kò sọ̀rọ̀ rárá.

Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, kò kan ọmọ Yorùbá. Katharina Oguntoye, tí wọ́n bí ní Zwickau ní Jámánì ní 1959, ní bàbá ọmọ Nàìjíríà, orúkọ Ògún sì wà lára rẹ̀ títí di òní. Obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin ni òun náà, kò sì fi í ṣe àṣírí. Nígbà tí Lorde lọ kọ́ni ní Berlin ní 1984, ó gba àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ níyànjú láti kọ ìtàn ara wọn sílẹ̀. Ní 1986, Oguntoye, May Ayim àti Dagmar Schultz gbé ìwé Farbe bekennen jáde, ìwé tí ó la ọ̀nà fún ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Jámánì. Ẹni tí ó bá ní kò kan Yorùbá, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí yóò fi orúkọ yẹn ṣe.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ẹni tí ó ní kí olùkọ́ yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà kí ó tó kọ́ni ní ewì. Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ó sọ ẹni tí akéwì jẹ́, kí ó túmọ̀ ohun tí akéwì kọ, kí ó má sì fi àtijọ́ jẹ́rìí ohun tí kò sí ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ̀ka èdè Yorùbá tí ó bá fẹ́ Yemọja inú ìwé Lorde gbọ́dọ̀ gba Lorde pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí kò bá sì fẹ́ Lorde, kí ó fi Yemọja rẹ̀ sílẹ̀ fún un, nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wọ inú ìwé náà.