Ẹni Tí Ó Mọ Igi Ni Kí A Pè

Òjò àkọ́rọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò sí onílé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ìjì ni ó máa ń ṣáájú òjò yìí, àti pé ìgbà tí ìjì bá ń jà ni olúkúlùkù máa ń rántí igi tí ó rọ̀ sórí òrùlé rẹ̀. Láìpẹ́ a ó tún rí àwọn ènìyàn tí ń sáré kiri ìgboro, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn gé igi. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ní oṣù yìí kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọ̀rọ̀ igi inú ọgbà bá délẹ̀, kí a má ṣe pe ẹni tí ó kàn ní ayùn, ẹni tí ó mọ igi ni kí a pè. Àwọn méjèèjì kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà.

Ọ̀ràn kan ṣojú wa ní àdúgbò tí a ń gbé. Bàbá àgbà kan ní igi máńgòrò nínú ọgbà rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ méjì sì nà sórí páànù aládùúgbò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kọ́ èjìká ń kọjá lọ, wọ́n dá iye owó tí kò tó nǹkan, Bàbá sì gbà. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n bóyá wọ́n ní okùn. Ìdí igi ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi gé e lẹ́ẹ̀kan náà, igi sì lọ sí ibi tí ó ti dà sí tẹ́lẹ̀. Yàrá méjì ni ó wó lulẹ̀ ní ilé kejì. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ọmọ tí ó máa ń sùn níbẹ̀ wà nílé. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, àwọn alágbàṣe ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò sì sí ẹni tí ó mọ ilé wọn. Ìlọ́po owó tí Bàbá rò pé òun ṣọ́ ni ó fi kan òrùlé ẹlẹ́yìnkùlé rẹ̀. Èyí tí ó dùn wá jù ni pé akọ̀pẹ kan tí a pè láti wá kó igi náà kúrò wo kùkùté rẹ̀, ó mi orí, ó ní, “Bàbá, ara igi yìí le. Ẹ̀ka méjì péré ni à bá gé.” Ilé méjèèjì tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ ọdún fún ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́ kì í kí ara wọn mọ́ títí di òní.

Àwọn baba wa kò fi ojú yẹpẹrẹ wo igi. Ìdí Ìrókò ní ẹnu ibodè, Ìdí Àràbà ní Èkó, Ìdí Ayùnrẹ́ ní ẹ̀bá Ìbàdàn, orúkọ igi ni gbogbo wọn ń jẹ́. Abẹ́ odán ni a ti ń ná ọjà tí a sì ti ń parí ìjà. Ewé akòko ni a fi ń fi àwọn ìjòyè wa jẹ oyè. A kò sọ pé kí a má gé igi rárá o. Igi tí ó ti kú, tàbí tí ó fẹ́ pa ènìyàn, gígé ni í gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dá ẹjọ́ ikú fún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tí ó mọ igi? Kì í dá iye owó lójú ọ̀nà. Yóò yí igi po. Yóò wò bóyá olú ń hù ní ìdí rẹ̀, bóyá ilẹ̀ ń sán tàbí ó ń gbé sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá inú igi ti ṣófo. Bí wáyà mànàmáná bá kọjá nítòsí, kò ní fọwọ́ kàn án títí àwọn tí ó ni iná yóò fi wá pa á. Okùn ni yóò fi máa sọ ẹ̀ka kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá, nítorí àwọn àgbà ti wí pé bí igi bá wó lu igi, tòkè ni a kọ́kọ́ ń gbé. Bí ẹ̀ka bá wúwo, yóò kọ́kọ́ fi ayùn ha á lábẹ́, ní ibi tí ó jìnnà díẹ̀ sí ara igi, kí ó tó gé e láti òkè ní iwájú ibẹ̀, kí èèpo má baà bó dé ara igi. Lẹ́yìn èyí ni yóò gé ìyókù kúrò ní ẹ̀bá ibi tí ó wú díẹ̀ níbi tí ẹ̀ka ti yọ, láìkan ibi wíwú náà, nítorí láti ibẹ̀ ni igi ti ń pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀ dé. Ẹni tí ó bá ní kí a bẹ́ gbogbo orí igi sọnù, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa lọ. Ẹ̀ka tuntun tí yóò hù níbẹ̀ kì í fìdí múlẹ̀, ìjì ni yóò sì kó o. Ní ti ọ̀pẹ àti àgbọn, orí ni ẹ̀mí wọn; bí a bá bẹ́ ẹ, ó parí.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a kọ àdéhùn sínú ìwé: iye owó, ẹni tí yóò kó igi lọ, ẹni tí yóò hú kùkùté, ẹni tí yóò san án bí ògiri aládùúgbò bá wó. Kí a sì sọ fún aládùúgbò náà ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí a rántí láti gba àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe àbójútó igi kí a tó gé e lulẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀wọ́n ni irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyí tí a fi ń ké sí ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin olórí àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan pe ẹnì kan ṣoṣo ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó wo igi gbogbo ilé, kí a sì dá owó rẹ̀ jọ. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí iṣẹ́ wọn dára sílẹ̀ ní ààfin tàbí ní ilé baálẹ̀, kí opó àti arúgbó lè rí ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí. Ọmọ ìlú tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí dunjú, ẹ fi àwọn ọ̀dọ́ sí i lọ́wọ́ kí wọ́n kọ́ ọ.

Láti ọdún 2008 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún gbígbin igi. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbìn nìkan kò tó. Ìgbà tí ìrókò wà ní kékeré ni à ń ṣẹ́ ẹ. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ẹni tí ó bá gbin igi lónìí, kí ó gbìn ín jìnnà sí ògiri, kí ó máa tọ́ ẹ̀ka rẹ̀ láti kékeré, kò sì ní wá ẹni tí yóò bá a gé e nínú ìjì. Ẹni tí igi tirẹ̀ ti dàgbà, kí ó jáde lọ sí ọgbà rẹ̀ lọ́la, kí ó gbé ojú sókè, kí ó wò ó dáadáa kí òjò tó dé.