Rìsíìtì Kì Í Ṣe Ilẹ̀

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi owó àjọ àti owó ìfẹ̀yìntì ra ilẹ̀ láìmọ ohun tí ìwé ọwọ́ wọn ń sọ. Rìsíìtì fi hàn pé a sanwó ni. Kò sọ pé ẹni tó gbowó ló ni ilẹ̀. Ìwé sọ́fè ń sọ ibi tí ilẹ̀ pin sí, kò sọ onílẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ni kí wọ́n jùmọ̀ fọwọ́ sí i. Bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, òfo ni títà náà lójú òfin. Láti ọdún 1978 tí Òfin Ilẹ̀ ti dé, ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó ti ní C of O gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà kí ìwé rẹ̀ tó múlẹ̀.

Èrò wa ni pé kí ẹ̀ka wa yan lọ́yà kan tí yóò yẹ ìwé wò kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ilẹ̀. Owó lọ́yà kò tó owó ilẹ̀ tí a san lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí ìpàdé.