Wákàtí Mélòó Ni SSD Tòkúnbọ̀ Yẹn Ti Ṣiṣẹ́?

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe ni mo ń ṣe ní Under G, àdúgbò táwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi mí jù láyé ìgbà yìí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra SSD tòkúnbọ̀ tí wọ́n ní àwọn ti tún ṣe yẹn?" Èsì mi ni pé kí wọ́n rà á, tí ẹni tó ń tà á bá ti gbà ká so ó mọ́ ẹ̀rọ ká wo wákàtí tó ti lò kí owó tó kúrò lápò. Tí kò bá gbà, ì báà fẹ́ fi ta wá lọ́rẹ, ká máa bá tiwa lọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ò fara mọ́ èyí rárá. Wọ́n ní ẹni tó ra SSD àlòkù, wàhálà ló fowó rà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí owó ṣe rí. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Ìjọba tú náírà sílẹ̀, kò sì pé ọdún kan tí dọ́là fi kọjá ₦1,500. Dọ́là náà ni wọ́n fi ń kó SSD wọ̀lú. Ọmọ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, tó ń tan laptọ́ọ̀pù oní-hard disk rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ wẹ̀, tó sì máa wẹ̀ tán kó ṣì bá Windows níbi tó ti ń yí bìrìbìrì, ìdajì owó SSD tuntun ló ní lọ́wọ́. Ṣé kí n ní kó lọ tọrọ ìyókù ni?

Wọ́n ní SSD máa ń gbó. Òótọ́ ni. Inú ṣíìpù ló ń kó dátà sí, ojú ibi tó ń kọ nǹkan sí níbẹ̀ ò sì ṣeé pa rẹ́ kọ títí ayé. Irú tí wọ́n ń pè ní TLC, tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà ni ojú kan lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Samsung fọwọ́ sọ̀yà fún 870 EVO oní-500GB pé ó máa gba 300TB. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ 20GB sí i lójoojúmọ́, tí kò sinmi lọ́jọ́ Àìkú, tí kò sinmi lọ́jọ́ ọdún, máa lò ju ogójì ọdún lọ kó tó kọ iye yẹn. Èyí tó sì ti inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ilẹ̀ òyìnbó wá, lẹ́tà àti ìwé ìṣirò owó ni wọ́n fi ń kọ. Ẹ̀rù kíkọ kọ́ ló ń bà mí.

Ọjọ́ orí ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́dún 2016, Bianca Schroeder ti Yunifásítì Toronto àti àwọn méjì láti Google gbé ìwádìí kan jáde lórí SSD tí Google fi ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n rí i pé iye ọdún tí SSD ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ń dá àṣìṣe sílẹ̀ lára rẹ̀, yàtọ̀ sí iye dátà tí wọ́n ti kọ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí mo bá ti ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń ka ìlera SSD, ojú mi kì í kọ́kọ́ lọ síbi tó ti ń kọ "Good" ní àwọ̀ búlúù gàdàgbà. Wákàtí ni mo ń wò. Tó bá ti lé ní 30,000, mi ò gbà á mọ́, bí ìlera rẹ̀ tiẹ̀ ku 95 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ò mọ̀. Hard disk ní mọ́tọ̀ tó ń yí nínú, SSD ò ní nǹkan kan tó ń yí, kò sì sí ohun tí ẹni tó ń tà á ní Otigba, ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, lè pààrọ̀ nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn ti tún un ṣe, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pa inú rẹ̀ rẹ́, wọ́n dán an wò, wọ́n fi nylon tuntun dì í. Àwọn tó ṣe é gan-an lè tún kó èyí tí wọ́n dá padà fún wọn jáde pẹ̀lú wáráńtì tó ní déètì. Ti orí tábìlì, wáráńtì ẹnu ni. Nígbà mìíràn wọn kì í tiẹ̀ pa inú rẹ̀ rẹ́. Mo ti so ọ̀kan mọ́ ẹ̀rọ rí, tí ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun sì tò síbẹ̀ rẹrẹ, orúkọ àti nọ́ńbà báńkì. Ẹni tí kò rántí pa dátà rẹ́, ṣé òun ló máa rántí dán an wò?

Èèyàn á bi mí pé, ṣé wákàtí náà ò ṣeé yí ni? Ó ṣeé yí, bí wọ́n ṣe ń yí kílómítà ọkọ̀ tòkúnbọ̀ padà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé ìròyìn heise ní Jámánì tú àṣírí hard disk Seagate táwọn èèyàn rà bíi tuntun, tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí. Wọ́n ti pa àkọsílẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń wò rẹ́. Àkọsílẹ̀ kejì tí Seagate fi sínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní FARM, ló jẹ́rìí tako wọn. Heise fura pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Chia ní Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Hard disk nìyẹn o, ṣùgbọ́n SSD ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ nídìí Chia yẹn, ó sì ń jẹ SSD bí iná ṣe ń jẹ koríko.

Nítorí náà mo máa ń fi ojú ran ẹ̀rọ lọ́wọ́. Mo máa ń gbé ẹnu SSD náà sábẹ́ iná, níbi tí àwọn irin aláwọ̀ góòlù tò sí. Irin tí wọn ò tíì kì bọ ibì kankan rí máa ń dán gbinrin. Èyí tí wọ́n ti kì bọ̀ ọ́ tí wọ́n ti fà á yọ ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ lójú irin kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ irú SSD pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní M.2, mo máa ń wo ihò ààbọ̀ òṣùpá tí ìdè máa ń wọ̀ nídìí rẹ̀: orí ìdè á ti fá bàbà ibẹ̀ yípo. Tí mo bá rí ilà, tí mo rí ojú ìdè, tí kọ̀ǹpútà wá ní wákàtí méjì péré ló ti lò, mo mọ̀ pé ẹnì kan ń parọ́, kì í sì í ṣe irin.

Ìtàn tó jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ wákàtí gbọ́ gidi ni ti ilé-iṣẹ́ HPE. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n kìlọ̀ fáwọn oníbàárà wọn pé àwọn SSD kan tó wà nínú sáfà wọn máa kú tí wákàtí wọn bá pé 32,768. Ìyẹn jẹ́ ọdún mẹ́ta, ọjọ́ 270 àti wákàtí mẹ́jọ. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára wọn o. Ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú wọn ni kò lè ka iye tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tó bá kú, dátà inú rẹ̀ bá a lọ. Èyí tí wọ́n jọ tàn lọ́jọ́ kan náà lè jọ kú lọ́jọ́ kan náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n tún kìlọ̀ nípa òmíràn, ti 40,000 wákàtí. Irú wọn kì í wọ laptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ẹni tó ra irú rẹ̀ ní 31,000 wákàtí láìbèèrè ṣe máa ṣe nígbà tó bá lò ó fún oṣù méjì lé díẹ̀ láìpa á.

Ìyá kan tó ń tẹ̀wé tó sì ń ṣe fọ́tókọ́pì nítòsí mi bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ wákàtí yìí. SSD inú sáfà, Samsung PM883, tó ti lo 21,000 wákàtí, ni mo fẹ́ fi sínú kọ̀ǹpútà wọn.

"Ọ̀gá, èyí tí wọ́n ti lò fún ọdún méjì kẹ̀? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á o. Mo lè ra tuntun."

"Tuntun tẹ́ ẹ gbé wá náà nìyí, Mà. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Tiwọn wà nínú páálí, orúkọ tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ rí, 1TB. Mo fi H2testw sí i, tó ń kọ nǹkan kún inú rẹ̀ kó tó kà á padà. Nígbà tó fi kọjá nǹkan bíi 120GB, ohun tó kọ ò jọ ohun tó ń kà mọ́. Màmá ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo páálí náà. Tuntun ojúlówó wà, mi ò ní parọ́, ẹni tówó rẹ̀ bá sì ká a, kó rà á. Ṣùgbọ́n Màmá ò ní UPS, NEPA sì lè mú iná lọ nígbà mẹ́rin kí ìwé kan tó jáde tán. PM883 ní kàpásítọ̀ tó ń di iná díẹ̀ mú kó lè parí ohun tó ń kọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ SSD tuntun tí wọ́n ń fi sínú laptọ́ọ̀pù ò ní in.

Ohun tí mi ò ní gbà ni kéèyàn fi SSD àlòkù pa nǹkan mọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ìlànà àgbáyé ti JEDEC ní SSD kọ̀ǹpútà tó ti lo iye tí wọ́n dá fún un tán gbọ́dọ̀ tọ́jú dátà fún ọdún kan láìsí iná, ní ooru 30°C. Ti inú sáfà, oṣù mẹ́ta péré, ní 40°C. Ẹ wá ro dúrọ́ọ̀ inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù lóṣù kẹta. Hard disk sì máa ń dún kó tó kú, SSD lè dákẹ́ lójijì, kì í sì í rọrùn láti yọ nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Google Drive ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́ láti tọ́jú ẹ̀dà sí, iṣẹ́ àṣekágbá kan ò ju igun kan nínú rẹ̀ lọ.

Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní FCCPA, ti ní kí ẹni tó ń ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe kọ ọ́ síta kí oníbàárà rí i. Mi ò tíì rí i lára nylon kan ní Ìkẹjà. Àwọn aṣáájú ọjà yẹn, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ olúkúlùkù tó tẹ́ tábìlì, lè pàṣẹ ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan: wákàtí, dátà tí wọ́n ti kọ sí i àti ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, kí wọ́n fi bírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó. Àwọn ọlọ́jà kan níbẹ̀ ti ń gbé laptọ́ọ̀pù sórí tábìlì fún oníbàárà láti fi dán ọjà wò. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń rajà, wọ́n sì ń gba ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lé e lọ́wọ́ mi. Mo ń san án.