Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí òkun ti dákẹ́

Tí òkun bá ti gbé ọ̀dọ́ kan lọ l'Ékòó, ohun tá a máa ń gbọ́ ni pé kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, tàbí pé ó ti mutí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n omi ń gbé òmùwẹ̀ náà.

Ìgbì ló ń dá ọgbọ́n yẹn. Tí ìgbì bá fọ́ létí òkun, omi tó gbé wá gbọ́dọ̀ padà. Iyanrìn máa ń ga bí òkìtì lábẹ́ omi, àlàfo sì máa ń wà láàárín wọn. Àlàfo yẹn ni omi ń gbà sáré padà sínú agbami, bí èrò tó ń rọ́ jáde lẹ́nu géètì kan ṣoṣo. Rip current ni òyìnbó ń pè é. Ó lè sáré tó mítà méjì àbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí òmùwẹ̀ Òlíńpíìkì tó lè bá a díje.

Ibi tó ń dẹ́rù bà mí nìyí: omi jìn nínú àlàfo náà, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀, ó máa ń dà bíi pé ó dákẹ́. Ẹni tó ń sá fún ìgbì, ibẹ̀ gan-an ló máa mú ọmọ ẹ̀ lọ. Oòrùn tó ń ràn kò sì ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀, torí ìjì tó jà ní gúúsù Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ló ń rán púpọ̀ nínú ìgbì Èkó wá.

Ṣé wọ́n lè ṣírò ẹ̀ ṣáájú? Bẹ́ẹ̀ ni. Láti 1964 ni Longuet-Higgins àti Stewart ti ṣàlàyé bí ìgbì ṣe ń ti omi. Ní 2021, NOAA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde. Ó ń wo gíga ìgbì àti bí omi ṣe kún tó, á sì sọ ewu wákàtí kọ̀ọ̀kan títí dé ọjọ́ mẹ́fà. Àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn lifeguard ń fojú rí lójoojúmọ́ ni wọ́n fi kọ́ ìṣirò náà.

Ìwé àti bírò lásán! Àwọn tó ń gba owó géètì lọ́wọ́ wa ní bíìṣì, ta ni wọ́n ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀?

Ní báyìí ná, tó bá fà yín, ẹ má wẹ̀ tààrà padà sí èbúté. Ẹ wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi bọ́ nínú ẹ̀. Tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kẹ́ ẹ na ọwọ́ sókè kí wọ́n lè rí yín.